Abẹ Tí Wọ́n Fi Ewúrẹ́ Rà

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kò sí àgbà tí kò pa òwe yìí rí. Bí wọ́n bá ń pín oko tí ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀, wọ́n á pa á. Bí wọ́n bá ń wá ọkọ fún ọmọbìnrin tí kò tíì dé láti ìrìnàjò, wọ́n á pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Orí kì í fi ọrùn sílẹ̀ lọ síbì kan. Ibi tí orí bá wà, ibẹ̀ ni olórí wà. Ta wá ni ẹni tó pọ́n abẹ, tó po ọṣẹ, tó fẹ́ fá orí ẹni tí kò sí níbẹ̀, títí tí àwọn àgbà fi ní láti kìlọ̀ fún un?

Mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ tíṣà kan nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, ṣùgbọ́n n kò fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Ìyá bàbá mi ni ó dá mi lóhùn nígbẹ̀yìn. Àwọn ará òdìkejì odò máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìdó-Ọ̀pẹ ni ó ti ṣẹlẹ̀, bó sì ṣe lọ nìyí.

Ìdó-Ọ̀pẹ kò ní ohun mìíràn tó ń jẹ́ ọrọ̀ ju ọ̀pẹ lọ. Epo ni wọ́n ń jẹ, epo ni wọ́n ń tà, epo ni wọ́n fi ń tanná. Nítorí náà, lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ, Olórí Akọpẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ní ojúde Baálẹ̀ pẹ̀lú orí fífá, kí wọ́n da epo àkọ́fún sí i ní àtàrí. Epo náà gbọ́dọ̀ ṣàn wálẹ̀ dé èjìká láìdúró níbì kankan. Bí irun bá dá a dúró lọ́nà, ọdún náà bàjẹ́ nìyẹn, akọpẹ kan kò sì ní gun ọ̀pẹ títí wọn yóò fi wá orí mìíràn.

Bàbá Akínlàjà ni Olórí Akọpẹ nígbà tí mò ń wí yìí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, igbà já mọ́ ọn nídìí lórí ọ̀pẹ tó ga jù ní ìlú náà. Ó já bọ́, ó fi orí lé kùkùté, orí sì fọ́. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀ bá a níbi tó jókòó sí, ó ń fi ewé nu ẹ̀jẹ̀ ojú, ó sì ń bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni rí àáké òun. Kò ké. Kò tilẹ̀ ní "yéè". Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ajábọ́-má-ké. Bí ẹ̀gún bá gún ọmọdé lẹ́sẹ̀ tó ń sunkún, ìyá rẹ̀ á ní, "Bàbá Akínlàjà já bọ́ lórí ọ̀pẹ, kò sunkún. Ẹ̀gún lásán ni ìwọ ń sunkún sí." Ọmọ náà á sì dákẹ́.

Ojú ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n awọ tó padà bo ibẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí bàbá náà sì ṣe ń dàgbà ni awọ ọ̀hún túbọ̀ ń fẹ́lẹ́.

Ẹni tó ń fá orí rẹ̀ ni Ọjẹ́dìran, onígbàjámọ̀ ìlú náà, tó tún jẹ́ ọkọ Àbẹ̀jẹ́, ọmọ bàbá náà. Bí onígbàjámọ̀ mìíràn bá ń fárí, a máa ròyìn ìlú fún ẹni tó ń fá. Ọjẹ́dìran kì í ṣe irú wọn. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó fèsì. Àbẹ̀jẹ́ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé tòun àti tọkọ òun ni òun ń sọ pọ̀, kí ilé àwọn má baà dà bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ìlú sì mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Ọjẹ́dìran ń fá orí àna rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n bàbá náà dúró, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fá. Bí abẹ ti dé orí àpá náà, omi kán sí i lẹ́yìn ọwọ́. Ó wo òkè, òjò kò rọ̀. Ó wo ojú àna rẹ̀.

"Òógùn ni," ni bàbá náà wí.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà ń bẹ́ ènìyàn létè. Ajá pàápàá kò kúrò nídìí iná.  Ọjẹ́dìran tún abẹ pọ́n, ó fi òrí pa orí náà, ó tún gbé abẹ lé e pẹ̀lú sùúrù. Omi tún kán.

Nígbà náà ni bàbá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ohun tí o rí yìí, o kò rí i."

Ọjẹ́dìran ní, "Bàbá, n kò rí i."

"Àbẹ̀jẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìlú tó ń fi orúkọ mi pa ọmọ lẹ́nu mọ́, kí wọ́n má gbọ́ pé abẹ ìfárí ń pa mí lẹ́kún."

Ọjẹ́dìran dọ̀bálẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. Ó búra nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni Bàbá Akínlàjà kò ti jẹ́ kí wọ́n fá orí òun mọ́. Bí Ọjẹ́dìran bá gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ dé, bàbá náà á ní oko ni òun ń lọ. Bí wọ́n bá pàdé lóko, á ní òun fẹ́ tètè dé ilé. Ó dé fìlà ní òwúrọ̀, ó dé e ní alẹ́. Irun ń kún lábẹ́ fìlà, fìlà sì ń ga sí i bí ọmọrí ìkòkò tí ẹ̀wà ń ru nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìdaepo kò sì jìnnà mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Ọjẹ́dìran gbádùn. Abẹ tí ó ń lò, alágbẹ̀dẹ ìlú wọn ló rọ ọ́. Àgbébọ̀ adìẹ kan ni iye rẹ̀. Kì í ṣe abẹ burúkú. Ó ń gé irun dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ awọ díẹ̀ bó ti ń gé e. Fún orí tó le, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Fún orí bàbá náà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èèkánná ha ojú egbò. Ó pọ́n abẹ náà títí, ó dán an wò ní itan ara rẹ̀, ó mọ̀ pé kò lè dára ju bó ṣe dára yẹn lọ.

Ó wá gbọ́ ìròyìn alágbẹ̀dẹ kan ní Òkè-Ẹwìrì, tó ń jẹ́ Ògúnṣakin, ó sì lọ bá a. Wọ́n ní nínú gbogbo alágbẹ̀dẹ, òun ló lọ́ra jù. Kí ó tó rọ abẹ kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rọ ọkọ́ tó kún agbọ̀n. Ọjẹ́dìran jókòó tì í, ó ń wò ó. Á fi irin sínú iná, á lù ú, á gbé e jù sílẹ̀, á sì jókòó bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó bá tó àkókò lójú rẹ̀, á tún mú un. Ó fi òkúta odò pọ́n ọ̀kan, ó fi eérú àti epo pọ́n ọn, ó wá ń fi í ra awọ màlúù títí tí ojú kò fi lè rí ibi tí irin náà parí sí.

Ọjẹ́dìran bi í léèrè iye tí ó ń tà á. Ògúnṣakin kò gbójú sókè. Ó ní ewúrẹ́ ni, ewúrẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ lóyún, nítorí òun fẹ́ fi sin ọmọ òun lọ sílé ọkọ. Ọjẹ́dìran fi iṣu lọ̀ ọ́, ó ní àgbébọ̀ ni òun fi ra èyí tó wà nílé, ó fi adìẹ lọ̀ ọ́, ó ní òun yóò máa wá fá orí gbogbo ará ilé rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Alágbẹ̀dẹ náà ń bá awọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo abẹ ló ń gé irun. Àgbébọ̀ tí o san lórí tilé yín, wọn kò rẹ́ ọ jẹ. Tèmi yìí, irun nìkan ló ń mọ̀ pé ó kọjá. Awọ kì í gbọ́. Orí ta lo fẹ́ fi fá?"

Ọjẹ́dìran wo ilẹ̀.

"Ó dára. Bí kò bá jẹ́ orí tó jẹ ọ́ lógún, máa lo tilé. Má fi ewúrẹ́ ṣòfò."

Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílé Ọjẹ́dìran, Àbẹ̀jẹ́ ló sì ni ín. Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ fa abo ewúrẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Ìyá náà ti kú, ewúrẹ́ yẹn náà ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, ó pupa, etí kan funfun, ó sì lóyún. Bí Àbẹ̀jẹ́ bá pè é, a máa dáhùn. Nígbà míì kò ní pè é, ewúrẹ́ náà á kàn dáhùn fúnra rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́ á sì ní, "Mo gbọ́."

Àbẹ̀jẹ́ ti lọ sí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjẹ́dìran dúró, ó dúró, kò dé. Ó wo oṣù lójú ọ̀run, ó rí i pé ìdaepo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó so okùn mọ́ ewúrẹ́ náà lọ́rùn, ó fà á lọ sí Òkè-Ẹwìrì.

Nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ padà dé, ó pe ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò dáhùn. Ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìgè, ewúrẹ́ mi dà?"

Ọjẹ́dìran na abẹ sí i nínú awọ tí wọ́n fi wé e.

"Ewúrẹ́ ni mo bi ọ́."

"Òun nìyẹn."

Àbẹ̀jẹ́ tú awọ, ó gbé abẹ náà sójú oòrùn, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Kò gùn ju ìka rẹ̀ lọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá àlá ni òun ń lá. Ọkọ rẹ̀ ní abẹ náà tó bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ní ó tó bẹ́ẹ̀ fún ta ni, orí wo ló wà ní Ìdó-Ọ̀pẹ tí abẹ alágbébọ̀ kò lè fá.  Ó dúró de èsì náà títí tí iná ààrò fi kú. Kì í ṣe pípàdánù ewúrẹ́ ló dùn ún jù. Ó ní ká ní ọkọ òun béèrè, bóyá òun ì bá sọ pé kó mú un. Ẹni tó lè fa ewúrẹ́ ìyá òun lọ láìsọ ìdí, tí wọ́n sì bi í ní ìdí tí kò lè sọ ọ́, kí ni yóò tún fà lọ? Ó ní bí ewúrẹ́ òun kò bá padà wálé, òun náà kò ní jókòó sínú ilé náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

Ní ìlú náà, bàbá ìyàwó kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń dá ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀, kó má baà gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà pé jọ, wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Akínlàjà pé kó má yọjú, kó jókòó sílé. Ó sì jókòó sílé.

Baálẹ̀ tẹ́ ẹní, ó to abẹ méjèèjì sórí rẹ̀, ti ilé àti ti Òkè-Ẹwìrì. Ó ní ẹjọ́ náà kò le. Bí abẹ tuntun bá dára ju ti ilé lọ tó bí ewúrẹ́ ṣe ju adìẹ lọ, Ọjẹ́dìran jàre. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ gba ewúrẹ́ padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Ọ̀tún, àgbà tí orí rẹ̀ ti pá láti ayé Baálẹ̀ àná, tí abẹ kò kàn án mọ́. Ó ní abẹ ni abẹ ń jẹ́. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Apárí ló fẹ́ dájọ́ abẹ yìí?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún kò bínú. Ó ní, "Ẹni tí kò sí nínú ìjà ló ń làjà. Ẹ mú okùn wá."

Wọ́n mú ògbólógbòó igbà wá. Abẹ ilé gé e já. Wọ́n gbé abẹ tuntun lé e, ó dé àárín, ó dúró. Ọjẹ́dìran ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kànga. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kì í ṣe okùn ni wọ́n rọ ọ́ fún.

Ọ̀tún ní, "Ṣé okùn ń bà á lẹ́rù ni?"

Wọ́n mú ìyẹ́ àkùkọ wá, abẹ méjèèjì gé e. Wọ́n mú awọ ewúrẹ́ tó nírun wá, abẹ méjèèjì fá a. Baálẹ̀ ní ó yẹ kí wọ́n dé orí ènìyàn, wọ́n sì pe Kúkọ̀yí. Àgbẹ̀ ni Kúkọ̀yí. Orí rẹ̀ le débi pé ó máa ń fi fọ́ àgbọn fún àwọn ọmọdé kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Ọjẹ́dìran fi abẹ ilé fá apá kan, kó fi ti Òkè-Ẹwìrì fá apá kejì. Nígbà tó parí, Baálẹ̀ ní kí Kúkọ̀yí sọ èyí tó dára jù.

Kúkọ̀yí fi ọwọ́ ra apá ọ̀tún, ó fi ra apá òsì. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Baálẹ̀ wa, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Àbẹ̀jẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

Baálẹ̀ bi Ọjẹ́dìran bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Ó ní, "Orí ta lo torí rẹ̀ ra abẹ yìí? Sọ ọ́, kí á gbọ́." Ọjẹ́dìran wo ilẹ̀. Ó fi ìka kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ wá dájọ́ pé abẹ náà kò tó adìẹ méjì, ká má tilẹ̀ sọ ti ewúrẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oníṣẹ́ Baálẹ̀ yóò bá Ọjẹ́dìran gbé e padà sí Òkè-Ẹwìrì, wọn yóò sì fa ewúrẹ́ wálé.

Àbẹ̀jẹ́ jàre, ṣùgbọ́n kò lè lọ sílé. Ó sun iṣu, ó bu epo sí i, ó gbé e lọ fún bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí bàbá náà ti ń jẹ ni ó ń ròyìn fún un, ó sọ ti okùn, ó sọ ti ìyẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kúkọ̀yí. Àbẹ̀jẹ́ ní òun jàre, kò sì dùn mọ́ òun nínú.

Ó ní, "Ká ní ó tilẹ̀ parọ́, Bàbá. Kó ní orí Baálẹ̀ ni òun fẹ́ fi fá, n bá gbà. Wọ́n bi í ní orí ta ni, ó kàn wo ilẹ̀."

"Ó wo ilẹ̀?"

"Ó wo ilẹ̀, ó fi ìka kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe."

Bàbá Akínlàjà dẹ́kun jíjẹ. Ó gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Àbẹ̀jẹ́ bi í bóyá epo ti pọ̀ jù. Ó ní epo kò pọ̀ jù, pé kó máa lọ sílé lọ bá ọkọ rẹ̀, kó má sì di ẹrù kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà jókòó sí ojúde Baálẹ̀, oníṣẹ́ Baálẹ̀ ti di àpò rẹ̀, Ọjẹ́dìran ń wé abẹ náà sínú awọ. Ni wọ́n bá rí Bàbá Akínlàjà tó ń bọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ ga lórí rẹ̀.

Ọ̀tún nawọ́ dá a dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì wá. Ẹ mọ̀ pé àna kì í jókòó sí ẹjọ́ ọmọ rẹ̀."

Bàbá náà gbé àpótí kalẹ̀ láàárín wọn. Ó ní, "Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá jókòó sí, Ọ̀tún. Orí ni mo wá fá."

Ó ṣí fìlà. Irun orí rẹ̀ dìde dúró bí koríko etí odò. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún Ọjẹ́dìran pé tilé ni kó kọ́kọ́ lò. Ọjẹ́dìran mi orí pé rárá. Bàbá náà ní, "Lò ó. Mo ti tú ọ sílẹ̀ nínú ohun tí o fi ìka kan ilẹ̀ fún."

Ọjẹ́dìran mú abẹ ilé. Ó fá iwájú, kò sí nǹkan kan. Ó fá ẹ̀gbẹ́. Abẹ dé orí àpá, Bàbá Akínlàjà kò sì bo ojú, kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omijé yọ lójú rẹ̀ méjèèjì, ó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ inú irùngbọ̀n.  Obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó jẹ́ pé lánàá òde yìí ló fi orúkọ bàbá náà pa ọmọ lẹ́nu mọ́, fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ti dìde dúró.

Bàbá náà ní, "Òógùn kọ́ ni, omijé ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń jáde. Ọmọ yìí nìkan ló rí i, èmi ni mo sì mú un búra." Ó nu ojú. "Ó yá, mú ti Òkè-Ẹwìrì."

Ọjẹ́dìran tú abẹ náà sílẹ̀. Okùn ti mú ẹnu rẹ̀ kú díẹ̀. Ó jókòó ti bàbá náà, ó ń fi í ra awọ, síwájú, sẹ́yìn, bó ṣe rí Ògúnṣakin tó ń ṣe é. Kò yára. Kò sì sí ẹni tó ní kó yára. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbé àgbọ̀n àna rẹ̀ lé ọwọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ojú àpá náà. Gbogbo wọn ń wo ojú bàbá náà, wọ́n ń retí omi. Omi kò jáde. Ojú náà ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, ó pa dé. Orí rẹ̀ wá wúwo lórí ọwọ́ Ọjẹ́dìran.

Ọ̀tún nà síwájú. "Kí ló ṣe é?"

Àbẹ̀jẹ́ ní, "Ó ti sùn."

Lóòótọ́ ni. Bàbá náà ti ń hanrun lábẹ́ abẹ. Wọ́n jẹ́ kó sùn. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí àwọn ọmọdé kí wọ́n má pariwo. Nígbà tí Ọjẹ́dìran fá gbogbo rẹ̀ tán, tó fi òrí pa á, bàbá náà jí, ó fi ọwọ́ ra orí rẹ̀, ó sì wò wọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ àná. Mo gbọ́ pé ẹ fárí. Ẹ fá okùn, ẹ fá ìyẹ́, ẹ fá orí Kúkọ̀yí tó jẹ́ pé àáké ló tọ́ sí i. Orí tí wọ́n torí rẹ̀ ra abẹ wà nílé lábẹ́ fìlà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ní kó má wá. A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Àwọn àgbà sọ orí kọ́. Bàbá náà yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní ìwà tó hù dára, ṣùgbọ́n òun náà jẹ̀bi. Ewúrẹ́ ní ẹni tó ni ín, ó sì fà á lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹni tó jẹ̀bi jù ni òun, tí òun gbé orí pamọ́, tí òun sì ń retí kí wọ́n bá òun fá a.

Baálẹ̀ yí ẹjọ́ náà padà. Ó ní fún orí Kúkọ̀yí, abẹ náà kò tó adìẹ kan. Fún orí Bàbá Akínlàjà, ewúrẹ́ kan kò pọ̀ lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ Baálẹ̀ tú àpò rẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ojú àpá náà, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba abẹ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó nù ún, ó wé e sínú awọ pẹ̀lú ìṣọ́ra bí ẹni ń wé ọmọ.

Ó ní, "Bàbá Ìgè, bí o bá tún fẹ́ mú nǹkan mi, béèrè. N óò kọ́kọ́ sọ pé rárá. Kí o tún béèrè."

Ọjẹ́dìran ní, "Mo gbọ́." Ní ọjọ́ náà, kò dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó fèsì.

Nígbà tí ìdaepo dé, wọ́n da epo sí Bàbá Akínlàjà lórí. Ó ṣàn láti àtàrí, ó gba orí àpá náà kọjá, ó dé èjìká láìdúró, àwọn akọpẹ sì gbé igbà wọn. Ògúnṣakin gbọ́ ìtàn náà ní Òkè-Ẹwìrì. Nígbà tí ewúrẹ́ náà bímọ, ó fi abo kan ránṣẹ́ sí Àbẹ̀jẹ́, etí rẹ̀ kan funfun, ó sì máa ń dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Kò sí ẹni tó fi omijé náà ṣe bàbá ọ̀hún ní yẹ̀yẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá ń sọ fún ọmọ tí ẹ̀gún gún. Wọ́n á ní, "Sunkún tán, kó o wá sùn. Bàbá Akínlàjà náà sunkún."

Títí di òní, bí wọ́n bá gbé abẹ olówó iyebíye dé Ìdó-Ọ̀pẹ, tí ẹnì kan béèrè bóyá ó tó iye tí wọ́n ń pè é, wọn kì í wá okùn, wọn kì í wá ìyẹ́. Wọ́n á bi í pé orí ta ni, wọ́n á sì ní kó lọ pe olórí wá. Àwọn ará òdìkejì odò lè máa sọ tiwọn. Èyí tí ìyá bàbá mi sọ ni mo gbà: a kì í fárí lẹ́yìn olórí.